Ohun Tí À Ń Lé àti Ohun Tó Ń Lé Wa: Eré Sísá Lẹ́yìn Àádọ́ta Ọdún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàlagbà kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún; bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá, bóyá ni ọdún kan kọjá tí n kò béèrè ìtumọ̀ òwe yìí lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ ni pé kò sí ohun tí àgbà ń ṣe tí kò nídìí. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà, mo sì máa ń fún wọn ní máàkì. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tí èmi náà, ní ẹni ọdún 54, ti ń sáré ní ìdájí láàárín Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, mo ti rí i pé apá méjì ni òwe náà ní, àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń lé nǹkan, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí nǹkan ń lé. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ lónìí, nítorí mo gbà pé òun ni ó ń pinnu bóyá àgbà tó fẹ́ padà sáré kí ara rẹ̀ lè le yóò bá a dé ibì kan, tàbí yóò kó bàtà jù sábẹ́ ibùsùn kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń lé èmi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bàbá mi kò tíì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá a gúnlẹ̀ nínú agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Odidi ọdún mẹ́rin ni ìyá mi fi ń wẹ̀ fún un, tí ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i lẹ́nu, kí ọlọ́jọ́ tó dé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan de ọ̀já ẹ̀rọ mọ́ èmi náà lápá, tí ẹ̀rọ náà sì sọ pé 156 lórí 98, ojú bàbá mi ni mo rí. Dókítà kọ oògùn fún mi. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì máa ṣe eré ìdárayá. Oògùn ní iye tí à ń lò lójúmọ́. Iyọ̀ ṣeé wọ̀n lọ́wọ́. Eré ìdárayá nìkan ni kò ní ìwọ̀n nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ń wá ìwọ̀n jù lọ.

N kò sì nílò ẹ̀rọ kí n tó mọ̀ pé ara ti yí padà. Àjà kejì ni kíláàsì SS3 wa wà. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn dé òkè, mo ní láti di ojú fèrèsé mú fún ìṣẹ́jú kan kí n tó lè dáhùn ìkíni àwọn ọmọ. Ìyá bàbá mi kò mọ irú èyí. Láti Bẹ́yẹrúnkà ni ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko, tí yóò sì ru igi ìdáná bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tó ja ogun Kírìjì láti ọdún 1877 títí di 1893, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin ọ̀nà ilẹ̀ Èkìtì. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe eré ìdárayá, nítorí pé iṣẹ́ òòjọ́ wọn ti ṣe é fún wọn. Ìran tiwa ni ó jókòó: a jókòó nínú ọkọ̀ Micra lọ síbi iṣẹ́, a jókòó máàkì ìwé, a jókòó wo tẹlifíṣọ̀n, a sì ń jẹ àmàlà bí ìgbà tí oko ṣì ń dúró dè wá.

Síbẹ̀, kò rọrùn fún àgbà láti sáré ní ìgboro Ìbàdàn. Ní àwùjọ wa, ọmọdé ni ó ń sáré, ìránṣẹ́ ni ó ń sáré. Àwọn babaláwo ní oyè kan tí wọ́n ń pè ní Asárépawo. Orúkọ oyè náà fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó ń sáré, iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Àgbà ní tirẹ̀ a máa rọra rìn, a máa dúró kí ènìyàn, a sì máa jẹ́ kí ènìyàn kí òun. Bí ó bá wá sáré, ará àdúgbò á gbà pé iná ti ń jó níbì kan ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo wọ ṣòkòtò sábẹ́ búbá gígùn, mo sì fi ìborùn wé orí. Màmá kan tó ń din àkàrà ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà'ba, tó ti mọ̀ mí láti kékeré, ju síbí ìdinkàrà sílẹ̀ nígbà tí ó rí mi.

“Ìyá Ìbejì, kí ló dé o? Kí ló ń lé ọ?”

“Kò sí o, Màmá. Ara ni mò ń nà.”

“Ara wo? Ṣé o fẹ́ tú ọjà ká ni?”

Òótọ́ ni ó sọ. Ní ọjà, ẹni tó bá rí ẹni tó ń sáré, òun náà á kọ́kọ́ sá ná, kí ó tó wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kejì ni mo gbé lọ sílé: kí ló ń lé mi? Nítorí bí mo bá ní kí n dáhùn lóòótọ́, ń ṣe ni mo ń sá fún ibùsùn bàbá mi.

Mo ti rí ohun tí irú sísá bẹ́ẹ̀ ń fà. Olùkọ́ ọkùnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí, tó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, gba irú ìròyìn kan náà lọ́wọ́ dókítà. Ọjọ́ kejì ó ra bàtà, ọjọ́ kẹta ó gbéra láti ẹsẹ̀ òkè Màpó, ó forí lé Challenge. Ó ní kí ọdún tó yípo, òun yóò sá eré Lagos City Marathon, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2016, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mọ́lété ni ó dé tí orúnkún fi kọ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ń tiro wọ kíláàsì. Nígbà tí ẹsẹ̀ sàn, bàtà eré náà ti di bàtà tí ó fi ń lọ ra iṣu. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ni ó bà á, ẹni tí ejò bá sì ń lé kì í dúró wọn ìrìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ní òun yóò lé. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni eré náà. Ta ni ó wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀? Nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ti ọdún 1908 ní ìlú London, iwájú ààfin Windsor ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré, iwájú ìjókòó ọba nínú pápá ìṣeré ni wọ́n sì parí rẹ̀ sí. Bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó nìyẹn. Ní ọdún 1921, àjọ tó ń bójú tó eré orí pápá lágbàáyé sọ ìwọ̀n yìí di òfin. N kò fi ojú tín-ínrín ẹni tó bá lè sá a. Ọ̀wọ̀ ńlá ni mo ní fún wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọ̀nà ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìwọ̀n orúnkún ọmọ Bẹ́yẹrúnkà tó ti pé ẹni ọdún 54. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ méjì tó dára fún ohun tí ènìyàn fẹ́ ṣe parí. Èkíní ni àfojúsùn, ohun tí a fi ojú sùn bí ọdẹ ṣe ń fi ojú sun ẹran. Èkejì ni ìlépa, ohun tí à ń lé títí tí ọwọ́ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ojú ló ni àfojúsùn. Ẹsẹ̀ ló ni ìlépa. Ojú lè rí Màpó láti òkèèrè, kò náà án ní nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ni yóò san owó ọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ìlépa dípò ohun tó ń lé e gbọ́dọ̀ yan èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè san owó rẹ̀ lónìí, kí ó sì fi díẹ̀ kún un lọ́la.

Mo wá ẹni tó ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú mi, mo sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, tó ṣe ètò kan ní ọdún 1996 tí ó pè ní Couch to 5K. Ìyá rẹ̀, tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, wà lára àwọn tí ó ní lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ètò náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ènìyàn yóò kọ́kọ́ rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ara lè yá. Lẹ́yìn náà yóò sáré fún ìṣẹ́jú kan péré, yóò rìn fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, yóò sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní àtúnṣe títí ogún ìṣẹ́jú yóò fi pé. Díẹ̀díẹ̀ ni ìrìn ń dín kù tí eré ń pọ̀ sí i, títí di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án tí ènìyàn yóò lè sá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti mú ètò náà lò ní ẹ̀ka ìlera wọn. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé kò ka ìrìn sí ìtìjú. Ìrìn jẹ́ ara eré.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: ìlépa tèmi nìyẹn. Kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020, sọ pé kí àgbàlagbà máa ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ nínú ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, bí ìrìn kánkán, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 nínú èyí tó le, bí eré sísá. Ọgbọ̀n lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 90. Ó ti kọjá 75. Ìlànà kan náà sọ pé ṣíṣe díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá lọ. Gbolóhùn yìí ì bá dára kí wọ́n kọ sí ara ògiri gbogbo ilé-ìwòsàn, nítorí pé ohun tó ń pa ìgbìyànjú àwa àgbà ni èrò pé bí a kò bá lè ṣe tó, kí a má wulẹ̀ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn ni n kò gbà bí ó ti wà. Mo sọ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan di mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ sì di ọ̀sẹ̀ 27. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀yà ara kì í bá ara wọn dọ́gba nínú ìmúra. Ọkàn àti èémí máa ń tètè kọ́ eré; iṣan líle tó so ẹran ara mọ́ egungun àti oríkèé kì í tètè kọ́ ọ. Ènìyàn á rò pé òun ti lè sá jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé òun kò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́, nígbà tí orúnkún àti gìgísẹ̀ kò tíì ṣe tán. Ọjọ́ ìsinmi tó wà láàárín ọjọ́ eré méjì kì í sì í ṣe ọjọ́ òfo. Inú ìsinmi ni ara ti ń tún ara rẹ̀ mọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ilẹ̀ Ìbàdàn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Orí òkè ni Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, dúró sí; ẹni tó bá sì ń gbé ní àyíká rẹ̀ kò lè sáré jìnnà kí òkè tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ má pàdé rẹ̀. Kìlómítà kan tó gun òkè àti kìlómítà kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú kì í ṣe ọmọ ìyá. Ìdí nìyí tí n kò fi ka kìlómítà rárá. Ìṣẹ́jú ni mò ń kà, fóònù sì ń bá mi kà á. Bí mo bá dé ẹsẹ̀ òkè, ìrìn ni mo máa ń fi í gùn. Ibi títẹ́jú ni mo máa ń sáré. Bí fóònù kò bá níná, mo máa ń ka òpó iná: mo ń sá òpó mẹ́ta, mo ń rin méjì. Ẹni tó bá sún mọ́ pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Òkè-Àdó, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1960 pẹ̀lú orúkọ Liberty Stadium kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2010, lè sọ pé ilẹ̀ títẹ́jú yá jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún èmi, ìlépa tó bá ń béèrè owó ọkọ̀ kí ó tó béèrè ẹsẹ̀ kò ní pẹ́ tí yóò fi di ìtàn. Iwájú ilé mi ni eré mi ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdájí ni mo máa ń jáde, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tó kí n lè rí ojú gọ́tà tí kò ní ìdérí, tí èéfín Micra àti ọ̀kadà kò sì tíì gba ojú títì. Bí ọyẹ́ bá mú eruku wá jù, tàbí tí òjò bá ti sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ di ìyọ̀bọ̀rọ́, àárín agbo ilé ni mo ti máa ń rìn yíká. N kò pe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí mo pàdánù.

Báwo ni ènìyàn ṣe máa mọ̀ pé eré òun kò le jù? Àwọn onímọ̀ ìlera ní ẹnu ni kí a fi dán an wò: bí ìdárayá bá wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ènìyàn lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin, bí ó bá le, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni yóò lè sọ kí ó tó mí. Tíṣà Yorùbá ni mí, n kò sì wá ohun tí n ó sọ lọ jìnnà. Òwe àgbàlagbà àti ejò ni mo fi ń wọn ara mi. Bí mo bá lè pa á láti orí dé ìdí láìjá a ní àárín, eré mi wà lọ́nà. Bí mo bá dé “nínú ẹ̀gún” tí èémí já, mo ti ń sá eré ẹni tí nǹkan ń lé nìyẹn, ìrìn sì ti kàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan sí i fún ẹlẹgbẹ́ mi tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn, ẹ rí dókítà kí ẹ tó sá ìṣẹ́jú kan. Bí àyà bá ń dùn yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí èémí bá kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wá ìtọ́jú. Ẹ má fi oògùn sílẹ̀ nítorí pé ẹ ti ń sáré. Bàtà kò ní láti jẹ́ tuntun. Òkirìkà ni tèmi. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí ó bá ẹsẹ̀ mu, kí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ má sì tíì jẹ tán.

Níbo ni mo wá dé? Nínú ọ̀sẹ̀ 26 tó ti kọjá, ibà gba méjì, ìwé ìdánwò gba mẹ́ta, ìrìn-àjò ìgbéyàwó àti òkú gba mẹ́ta. Mo ti parí ìpele kẹfà nínú mẹ́sàn-án. Mo lè sá ìṣẹ́jú 25 láìdúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọdé tó ń pọn omi máa ń kọjá lára mi. Ẹ̀rọ sọ pé 142 lórí 90 nígbà tí mo lọ kẹ́yìn. Dókítà kò gba oògùn lọ́wọ́ mi, n kò sì bèèrè pé kí ó gbà á. Ohun tó ń lé mi kò tíì padà lẹ́yìn mi, bóyá kò sì ní padà láéláé. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ni mo gbé wáyé. Ṣùgbọ́n n kò bojú wẹ̀yìn wò ó mọ́ bí mo bá ń sáré, nítorí pé mo ní ohun tí mo dojú kọ: ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó kù.

Bí a bá tú “sáré” palẹ̀, “sá” àti “eré” ni. Bí a bá tú “ṣeré” palẹ̀, “ṣe” àti “eré” ni. Ìpè kan náà ni èdè wa fi pe eré tí ẹsẹ̀ ń sá àti eré tí ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá. Ọmọdé tó ń ṣeré máa ń wá sí ìta lọ́la, nítorí pé kò lò ara rẹ̀ tán lónìí. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún àgbà tó fẹ́ sáré kò ju ìyẹn lọ: kí ó fi eré sílẹ̀ nígbà tí eré ṣì ń dùn, kí ó lè rí ẹsẹ̀ tí yóò fi sá ti ọ̀tunla. Kí Elédùà má ṣe fi ẹsẹ̀ wa mọ sórí ibùsùn. Àṣẹ.